Ta Ló Fi Pọ́n-ùn Sínú Orúkọ Mi?

Bàbá akápò bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n tún un fi sójú. Wọ́n wá na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí orúkọ wọn wà gan-an.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fi pọ́n-ùn sínú orúkọ mi? Ṣé gbèsè ni wọ́n ní mo jẹ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Òótọ́ ni. Níbi tó yẹ kí ṣ wà nínú orúkọ wọn, á¹£ ló jókòó síbẹ̀: á kan tó gbé àmì ohùn òkè tí ẹnikẹ́ni ò fún un, oókan tín-ín-rín kan tó so rọ̀ lókè, àti àmì owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ti alága tún burú ju ìyẹn lọ. Ṣ ńlá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ tiwọn, òun náà sì ti di á¹¢. Wọn ò tilẹ̀ rí pọ́n-ùn gbà, sẹ́ǹtì ni. Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní kọ̀ǹpútà yìí ti di ọmọ Ìbàdàn pátápátá, kò lè pe ṣ. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi èmi àti akápò.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni, ọdún 2011. Ìkànnì tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ti máa wo iye tí wọ́n ti dá ni wọ́n gbé fún mi ṣe. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbowó lé lórí nìyẹn. Wọ́n ti san ìdajì owó náà, mo sì ti ná an.

Mo ti fi ìtàn yìí pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbóhùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa ṣe ìkànnì. Èwo ni kí n kọ́ nínú Python àti JavaScript?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì, mo pa á rẹ́. Nígbà tí mo wá ń ronú ohun tí mo máa sọ, ojú akápò ni mo ń rí.

Èmi ò yan èdè kọ̀ǹpútà kankan rí, ká sòótọ́. Lọ́dún 2009, àwọn olùkọ́ yunifásítì gùn lé ìyanṣẹ́lódì tó gba oṣù mẹ́rin. Ilé sú mi. Mo lọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bùrọ̀dá kan ní Agbowó, òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Iṣẹ́ títẹ̀ ni mo lọ ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án tí ọjà bá tutù, tí jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dún, bùrọ̀dá a ṣí ojú ìwé kan tí mi ò rí irú ẹ̀ rí, ó kún fún àmì dọ́là àti àkámọ́.

"Bùrọ̀dá, kí lẹ ń tẹ̀ yẹn?"

"PHP ni."

"Ṣé èmi náà lè mọ̀ ọ́n?"

"Fa àga yẹn, jókòó."

Bí mo ṣe yan èdè nìyẹn. Ká ní Ruby ni bùrọ̀dá gbọ́ ni, Ruby ni ǹ bá gbọ́, ǹ bá sì máa fi ẹnu àwọn tó ń sọ Ruby bú PHP lónìí. Ta ló yan Yorùbá nínú àwa tí a ń sọ ọ́? Inú ilé la bá a.

Ó ní ìdí tó fi jẹ́ pé PHP ló wà nínú ilé náà o. Dátà wọ́n nígbà yẹn, íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù sì máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Èèyàn lè gbé WampServer sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó máa ṣe PHP lójú ara rẹ̀ láì ra káàdì kankan. Tí iṣẹ́ bá parí, ààyè tó pọ́ọ́kú jù lọ tí wọ́n ń yá èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, PHP ti wà níbẹ̀ ṣáájú kó o tó dé. O kàn máa kó fáìlì lọ síbẹ̀ ni, ó tán. Python kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà fún ẹni tí kò ní ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí èyí, o lè fi PHP há àárín HTML tí wọ́n fi ń kọ ojú ìkànnì, bí ẹni fi ẹran há ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ <?php echo "Ẹ káàárọ̀"; ?> tí bráwúsà sì kí mi padà, mo pe ìyá mi lórí fóònù.

Àwọn tó ń bú PHP ní ẹjọ́ tó dára lọ́wọ́. Èdè tí a kò pète ni. Rasmus Lerdorf, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Greenland, kàn ṣe irinṣẹ́ kékeré fún ìkànnì ara rẹ̀ ní 1994 ni, kó lè mọ iye àwọn tó ń yẹ ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ wò. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ rẹ̀, ó fún wọn, wọ́n so tiwọn mọ́ ọn, ó di agbo ilé: ẹnì kan kọ́ yàrá kan síbí, òmíràn fa òrùlé jáde lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó ya àwòrán ilé náà rí. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń gbé inú rẹ̀. WordPress, tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, ń gbé inú rẹ̀ láti 2003. Nígbà tí Zuckerberg ṣàdédé dé sí Yábàá lóṣù kẹjọ ọdún 2016, tí gbogbo ọ̀dọ́ tó wà ládùúgbò ń sáré lọ yàwòrán rẹ̀, mo rántí pé PHP lòun náà fi bẹ̀rẹ̀ Facebook, mo sì gbé ọrùn sókè díẹ̀.

Àmọ́ ohun tí bùrọ̀dá fi kọ́ mi kò sí nínú PHP. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tẹ nǹkan kan, ojú kọ̀ǹpútà funfun gbòò, lẹ́tà dúdú kan sì jáde lókè: Parse error, ìlà 42. Mo wo ìlà 42 títí ojú fi ń ro mí. Kò sí ohun tó ṣe é. Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀ bó ṣe wà, igbe kan náà. Bùrọ̀dá dúró sẹ́yìn mi, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọ̀gá ilé ìwé. Ní gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn, kò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù mi rí.

Ó ní, "Tí ọmọ méjì bá jókòó jẹ́ẹ́, tí ọ̀kan wá ṣàdédé ké, ta lo máa kọ́kọ́ wò?"

Mo ní, "Ẹni tó jókòó tì í."

"Wo ìlà 41."

Sẹmikólọ̀nù ni mo gbàgbé ní ìparí ìlà 41. Kọ̀ǹpútà ń kà á lọ, ó ń retí kí ọ̀rọ̀ parí, kò parí. Ìgbà tó wọ ìlà 42 tó rí ọ̀rọ̀ tuntun ló tó pariwo. Láti ọjọ́ náà títí dòní, èdè yòówù kó jẹ́, ẹni tó ké kọ́ ni mo ń kọ́kọ́ bá wí.

Ìgbà kan wà tí bùrọ̀dá pàápàá ò mọ ohun tó máa sọ. Àṣìṣe kan jáde tó ní ọ̀rọ̀ yìí nínú: T_PAAMAYIM_NEKUDOTAYIM. A jọ wò ó. Oníbàárà kan tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì ní fáírọ́ọ̀sì ni. Bùrọ̀dá rò pé àwọn Íńdíà ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èdè Hébérù ni, pé kólọ̀nù méjì tó tẹ̀ léra ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Zeev Suraski àti Andi Gutmans, ọmọ Ísírẹ́lì méjì tó tún ìpìlẹ̀ PHP kọ́, tó sì di PHP 3 lọ́dún 1998, ni ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Wọ́n sọ èdè ìyá wọn sínú iṣẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni fi ìtẹ̀ka sára ìkòkò tí kò tíì gbẹ. Mo jowú wọn. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé irú ìtẹ̀ka bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó máa fojú mi rí nǹkan lọ́dọ̀ akápò.

Nítorí ọ̀rọ̀ ṣ yẹn, mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá bùrọ̀dá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Kò fi àmì sórí orúkọ ẹnikẹ́ni rí. Àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fẹ́, orúkọ wọn ò sì ní nǹkan kan lórí tàbí nídìí. Ó gbà mí níyànjú pé kí n kọ s lásán. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ pé ó níbi tí bùrọ̀dá mọ̀ dé.

Bàbá akápò ò gba s lásán. Wọ́n ní orúkọ tí bàbá àwọn sọ àwọn kọ́ nìyẹn.

Ó gbà mí ní òru mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Lábẹ́ ètò tí gbogbo ayé ń lò báyìí, UTF-8, ṣ kékeré kò gba nọ́ńbà kan bíi s. Mẹ́ta ló gbà: 225, 185, 163. Ṣ ńlá gba 225, 185, 162. Ìwé àkọsílẹ̀ tí mo ń kó orúkọ wọn sí, MySQL, ní ètò tirẹ̀ tó máa ń lò nígbà náà bí èèyàn ò bá sọ fún un pé kó má lò ó, wọ́n ń pè é ní latin1. Nínú latin1, nọ́ńbà kan, lẹ́tà kan ni. Ó rí 225, ó ní á nìyí. Ó rí 185, ó ní oókan kékeré. Ó dé orí 163, ìyẹn sì ni ilé pọ́n-ùn. 162 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ilé sẹ́ǹtì. Akápò àti alága, nọ́ńbà kan péré ló wà láàárín wọn.

Mo wá rí orúkọ tí MySQL ń pe ọ̀nà tó fi ń to ọ̀rọ̀ tẹ̀ léra: latin1_swedish_ci. Swedish! Sweden ni wọ́n ti ṣe MySQL. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìbàdàn, bí àwọn ará Sweden ṣe ń ka A, B, D ni mo fi to orúkọ wọn láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn, èmi nìkan, láago mẹ́ta òru. Kóòdù tó tún un ṣe kò ju ìlà méjì lọ. Nígbà tí mo gbé e padà lọ, bàbá akápò fi ìka lé orúkọ wọn, wọ́n sún orí wọn mọ́ ojú kọ̀ǹpútà láti rí i dájú pé kókó ìdí ṣ kì í ṣe eṣinṣin. Wọ́n san ìdajì tó kù.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní àṣà kan tí mo máa ń tijú láti sọ. Èdè tuntun tí mo bá pàdé, kí n tó bi í ní ohunkóhun, màá kọ "ọjọ́" fún un, màá ní kó ka lẹ́tà rẹ̀. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ní mẹ́ta. PHP, pẹ̀lú strlen rẹ̀ tó ń ka nọ́ńbà dípò lẹ́tà, ní mẹ́sàn-án. JavaScript ní mẹ́rin, torí ó ka àmì orí ọ́ sí lẹ́tà lọ́tọ̀. Python náà ní mẹ́rin. Swift, èdè àwọn Apple, ló kọ́kọ́ sọ mẹ́ta fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, inú mi sì dùn débi pé ó kù díẹ̀ kí n fi iṣẹ́ ìkànnì sílẹ̀ fún un. Kí JavaScript yí "ọjọ́" sẹ́yìn, àmì á já bọ́ sóde, á lọ so mọ́ ohun tó bá bá lọ́nà. Kì í ṣe pé èyí sọ èdè di rere tàbí búburú. Ó kàn ń jẹ́ kí n mọ ilé tí wọ́n ti bí i ni.

JavaScript yẹn, Èkó ni mo ti bá a pàdé, lọ́dún 2014, ní ọ́fíìsì kan tí gbogbo wọn ti kéré sí mi lọ́jọ́ orí, tí wọ́n sì ń fi PHP mi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí bí mo ṣe lè sá fún un. Ohun tó wà lórí sáfà, o lè fi PHP ṣe é, o lè fi Python tàbí Ruby. Ṣùgbọ́n lójú bráwúsà, HTML ló ń gbé ọ̀rọ̀ dúró, CSS ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tó o bá sì fẹ́ kí nǹkan kan mira níbẹ̀, JavaScript lo máa sọ. Ẹni tó bá lọ ra ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, Yorùbá ló máa fi ná an.

Ìbí rẹ̀ máa ń yà mí lẹ́nu. Lóṣù karùn-ún ọdún 1995, Brendan Eich ní iléeṣẹ́ Netscape fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣe é. Ọjọ́ kẹjọ là ń sọ ọmọ lórúkọ nílẹ̀ wa. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, eléyìí ti ń rìn. Ó sì jẹ orúkọ mẹ́ta láàárín ọdún náà: Mocha, LiveScript, kí wọ́n tó wá pè é ní JavaScript nígbà tí ọdún ń parí lọ, torí pé Java ló ń ta lọ́jà nígbà yẹn. Kò bá Java tan rárá. Wọ́n jọra bí ọkọ àti ọkọ̀ ṣe jọra lójú ẹni tí kì í fi àmì sọ́rọ̀.

Mo rò pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn oṣù kan. Ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta aṣọ ni mo ń ṣe: aṣọ 5000 náírà, owó ìfiránṣẹ́ 500. Mo kọ àmì àròpọ̀ sáàárín wọn, mo lọ sùn. Lówùúrọ̀, ẹni tó ni ọjà pè mí pé oníbàárà rí àpapọ̀ owó kan, ó sì béèrè bóyá ilé ni wọ́n ń tà. 5000500 ló wà níbẹ̀. Nínú PHP, àmì àròpọ̀ ń ro owó pọ̀ ni, tó o bá fẹ́ lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, àmì mìíràn wà fún un, àmì ìdánudúró. Nínú JavaScript, àmì kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Iye tó ti inú fọ́ọ̀mù wá sì rèé, ọ̀rọ̀ ló kà á sí, kì í ṣe owó. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí yọjú wò ó, ó ní, "Àǹtí, èdè wo lẹ ń sọ sí i?" Kò tún un ṣe. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ irú ilé ẹ̀kọ́ tó ti wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ṣe HTML fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣe Python fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbọ́ pé Go ló ń mówó wọlé, ó wo fídíò méjì lórí ìyẹn, kó tó wá gbóhùn ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo pè é, ó ní ọ̀nà kan ò wọjà. Mo ní òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ń lọ sọ́jà, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀ lọ́jọ́ kan. Mo wá bi í pé, "Ta ló wà nítòsí ẹ?"

"Bíi báwo, Àǹtí?"

"Nínú poli yín, nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, ta ló mọ ọ̀kan nínú èyí tó ò ń dárúkọ, tó lè jókòó tì ẹ́?"

Ó dákẹ́, ó ní, "ChatGPT wà."

Ó mú mi. Ohun tí mo ń jẹ lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí lọ́nà ọ̀fun. Òótọ́ sì ni, ó wà. Kì í sùn, kì í bínú, ó gbọ́ gbogbo èdè tí bùrọ̀dá Agbowó gbọ́ àti èyí tí kò gbọ́. Ká ní mo ní in lọ́dún 2011, pọ́n-ùn ò ní sùn mọ́jú nínú orúkọ akápò. Ṣùgbọ́n mo ti rí bí ọmọkùnrin yìí ṣe ń lò ó. Ó máa gbé kóòdù tó bàjẹ́ sí i nínú, ìyẹn á dá èyí tó dáa padà, ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó tán. Òru mẹ́ta mi yẹn, mi ò mọ bó ṣe máa rí i rà.

Mo ní kó yọ ChatGPT kúrò nínú àwọn tó ń kà. Ó ní ọmọbìnrin kan wà ní yàrá kejì sí ti ọ̀rẹ́ òun, JavaScript ló ń ṣe, ó ti bá ẹnì kan ṣe ìkànnì. Mo ní kó lọ kí i. Kò béèrè ìdí, èmi náà ò sọ. Mi ò sọ fún un pé àwọn ìpolówó iṣẹ́ tí mò ń rí ní Èkó ń béèrè React, tó jẹ́ ti JavaScript, tó fi jẹ́ pé kò lè ṣìnà bó ti wù kó rí. Ìyẹn náà wà níbẹ̀ o, mi ò ní purọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó fi àwòrán ránṣẹ́. Pupa ni gbogbo ẹ̀: Uncaught SyntaxError, ìlà 18. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé, "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó, mo ti wo ìlà 18 yìí láti àárọ̀."

Mo fẹ àwòrán náà. Mo rí kọ́mà tó gbàgbé. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ fún un, mo pa á rẹ́, mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà mo kọ̀wé sí i pé kó ya àwòrán ìlà 17 ránṣẹ́ sí mi.